Ìkòkò Adìyẹ ní Etí Òkun Gunga

Kí n tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Èmi Quitéria, ìyá àgbà onídìí ńlá, ni mo fi ìkòkò adìyẹ pamọ́ sábẹ́ táwẹ̀lì, tí mo gbé e wọ ọkọ̀ àwọn àlejò, lẹ́yìn tí ọmọ-ọmọ mi ti bẹ̀ mí pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi. Kò sẹ́ni tó tì mí. Èmi náà ni mo pa adìyẹ, tí mo tu ìyẹ́ rẹ̀, tí mo sì ń kọrin bí mo ṣe ń rò ó lórí iná, bíi wèrè tó rí bàtà tuntun.

Maceió ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà, níbi tí òórùn ẹrẹ̀ ti ń jí èèyàn kí àkùkọ tó kọ. Iṣẹ́ sururu ni mo fi tọ́ ọmọ. Ẹran inú ìkarahun dúdú kéékèèké ni sururu, inú ẹrẹ̀ ọ̀sà ló ń gbé. Àwọn ọkùnrin á wú u wá, àwa obìnrin á sè é, a ó sì jókòó sílẹ̀ máa yọ ọ́ nínú ìkarahun títí ẹ̀yìn á fi fẹ́ já. Èyí tó kù nínú èékánná mi lónìí, ajá ò ní fẹ́ fi họ ara.

Àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ọ̀nà jíjìn wá wo ìlú wa. Èmi tí mo ń gbé ibẹ̀, mi ò mọ̀ ju ọ̀sà, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn ọmọ mi lọ. Gunga tí gbogbo ayé ń pariwo, ara kàlẹ́ńdà ilé oògùn ni mo ti ń rí i, lókè orí sítóòfù mi, tí èéfín ti sọ òkun rẹ̀ di pupa.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí Jaciane wọlé tọ̀ mí wá ní ọjọ́ Jimọ̀ yẹn. Ọmọ àbígbẹ̀yìn mi ọkùnrin ló bí i, àmọ́ ọwọ́ mi ló dàgbà sí. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ló ń tẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan, ó sì ti ń kọ́ iṣẹ́ amọ̀nà láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ mọ àwọn amọ̀nà, àwọn tó máa ń dúró níwájú ọkọ̀ pẹ̀lú gbohùngbohùn lọ́wọ́, tí wọ́n á máa sọ fún àlejò pé ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì. Ọ́fíìsì kan tó ń kó àlejò rìnrìn àjò ti fún un ní ọkọ̀ kan fún ọjọ́ kan, kí wọ́n fi dán an wò. Tí ọjọ́ náà bá lọ dáadáa, iṣẹ́ wà fún un ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí kò bá lọ dáadáa, kó padà sídìí bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá," ó ní, "àyè kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ wá wo Gunga kí ẹ tó kú."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ kú?"

"Ẹ gbọ́ mi ná. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọmọ yín ni mí o. Wọn ò fẹ́ kí amọ̀nà máa kó ẹbí rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ẹ má sì gbé oúnjẹ. Màmá, ẹ wojú mi. Oúnjẹ kankan o."

"Omi ńkọ́?"

"Ẹ lè gbé omi."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́?"

"Màmá!"

Ó wá jókòó, ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Ilé oúnjẹ kan wà létí òkun níbẹ̀, ti Seu Laércio; Seu ni àwa ń pe ọ̀gbẹ́ni. Abẹ́ igi àgbọn ọkùnrin yìí ni ọkọ̀ máa ń sinmi sí, àga rẹ̀ ni àwọn àlejò ń jókòó lé, ibòji rẹ̀ ni wọ́n ń sá oòrùn sí, omi rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣan iyọ̀ òkun kúrò lára, kò sì gba kọ́bọ̀ fún ìwọ̀nyẹn. Oúnjẹ ọ̀sán nìkan ló ń jẹ́ kó rí nǹkan. Bí ọkọ̀ bá ti dé láàárọ̀, kí àlejò tó bọ́ bàtà rárá ni á ti yan ohun tó máa jẹ, kí wọ́n lè tètè dá iná, torí oko àgbọn ló yí ibẹ̀ ká, kò sí ibi téèyàn tún lè sáré lọ rajà. Bí àwọn àlejò ò bá jẹun, Seu Laércio á pe ọ́fíìsì.

"Ẹnu ọkùnrin yẹn ni iṣẹ́ mi wà, Màmá. Ṣé ẹ gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́, etí mi ò di. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, báwo ni ọmọ etí ọ̀sà ṣe fẹ́ fọwọ́ lásán lọ sí òkun? Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, lọ́jọ́ Sọ́ńdè, gbogbo wa á kó sínú bọ́ọ̀sì ìgboro, ìkòkò adìyẹ á wà lórí ẹsẹ̀ mi, fàrófà nínú abọ́. Gaàrí tí a dín sínú bọ́tà àti àlùbọ́sà ni fàrófà, ó gbẹ, ó ń ta sánsán. Àwọn olówó tó ń gbé létí òkun máa ń yínmú sí wa. "Àwọn oní-fàrófà tún ti dé o," ni wọ́n ń wí. Àwa á máa rẹ́rìn-ín, nítorí imú tí wọ́n ń yín yẹn náà ni wọ́n fi ń gbóòórùn adìyẹ wa. Ìyẹn ló wà lórí mi. Mo tún sọ fún ara mi pé bí ebi bá pa ọmọ náà ńkọ́? Amọ̀nà kì í ráyè jẹun. Ẹ ò rí i pé ìfẹ́ ni mo fi bo ìkòkò náà kí n tó fi táwẹ̀lì bò ó.

Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, mo kí Jaciane bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. "Ẹ káàárọ̀ o, ọmọge." Ó bu ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù, orúkọ rẹ̀ wà ní àyà rẹ̀ lára páálí kékeré kan, ó ti di irun rẹ̀ sẹ́yìn. Mo gba iwájú rẹ̀ kọjá, mo forí lé ẹ̀yìn, ìdí mi ń gbá àwọn èèyàn léjìká lọ́tùn-ún lósì.

Ó mú gbohùngbohùn. Ẹ̀yin èèyàn, ohùn ọmọ yẹn dùn! Ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀sà wa bí ẹni pé ààfin ni. Nígbà tí a kọjá níbi táwọn obìnrin ti ń fi òwú aláràbarà gán aṣọ bí àwọ̀n, ó sọ bí wọ́n ṣe ń ta àwọ̀n rẹ̀ sára igi títí gbogbo ọkọ̀ fi dákẹ́. Ó ń ṣe mí bíi kí n dìde kí n pariwo pé èmi ni mo tọ́ ọ, èmi ni mo nu ikun imú rẹ̀. Mi ò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹnu mi wá ń yún mi, ó ń wá ohun tó máa ṣe.

Dona Mirtes ló jókòó tì mí, obìnrin kúkurú kan láti Goiânia, níbi tí kò sí òkun. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá àlejò lèmi náà.

"Rárá o, ará ibí ni mí. Ìdí sururu ni mo dàgbà sí."

"Haà! Ẹ wá gbà wá ní ìmọ̀ràn, Màmá. Kí ni ká jẹ níbi tí à ń lọ yìí? Ṣé sururu wọn dáa?"

Mi ò dé ibẹ̀ rí. Mi ò tọ́ ọ wò rí. Ó yẹ kí n sọ pé mi ò mọ̀. Àmọ́ ojú gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn ti yí sọ́dọ̀ mi, ẹ sì mọ bí ojú èèyàn ṣe ń pa mí bí ọtí.

"Sururu wọn?" mo ní. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó ti pẹ́ nínú yìnyín ju bí mo ṣe pẹ́ nínú opó lọ. Èmi gan-an sì ti gan!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọkọ Dona Mirtes fi ń gbá àga iwájú rẹ̀. Àwọn tó wà láàárín ọkọ̀ béèrè pé kí ló dé, wọ́n sọ fún wọn, àwọn náà sọ fún àwọn tó wà níwájú wọn. Mo tún fi ẹja kún un. Mo ní ẹja tí wọ́n ń tà níbẹ̀, òkun ti gbàgbé orúkọ rẹ̀. Mo di ọba ẹ̀yìn ọkọ̀. Jaciane rí wa nínú dígí iwájú, ó rò pé inú àwọn àlejò òun ló ń dùn, ó sì na àtàǹpàkò sí mi. Mo na tèmi padà.

A kọ́kọ́ dúró níbi gíga kan tí wọ́n ti ń wo gbogbo rẹ̀ láti òkè. Igi àgbọn ló tẹ́ lọ bẹẹrẹbẹ bí irun orí òmìrán, ọ̀sà ní apá kan, òkun ní apá kejì, iyanrìn tín-ín-rín láàárín wọn. Mo fẹ́ sunkún, mo sì fẹ́ tọ̀, mi ò mọ èyí tí mo lè kọ́kọ́ dá dúró. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi gbé ìtòsí ohun tó dára báyìí.

Seu Laércio ń dúró dè wá nísàlẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó so aṣọ ìdáná mọ́dìí, ó sì ń kí èèyàn níkọ̀ọ̀kan pé ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó, ẹ kú oòrùn. Jaciane gbé ohùn sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ yan oúnjẹ yín kí a tó lọ wo àwọn òkè aláwọ̀. Bí ẹ bá fi máa dé, á ti jinná."

"Ó di tó bá yá," ni ẹnìkan wí.

"Ebi ò tíì pa wá," ni òmíràn wí, ó sì ṣẹ́jú sí mi.

Ìdílé kan níwájú ló ní kí wọ́n dín ẹja fún àwọn. Àwọn yòókù ń bọ́ bàtà. Seu Laércio dúró pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, ó wo Jaciane.

"Wọ́n máa jẹun, sà," ni ọmọ náà wí. "Bí wọ́n bá ti rí òkun, ebi á dé."

"Kó dé o. Ìyàwó mi ti dá iná."

Mo gbọ́ wọn. Ó ṣì ṣeé tún ṣe nígbà yẹn. Mo lè pe Dona Mirtes sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n sọ fún un pé àwàdà ni mo ń ṣe. Dípò bẹ́ẹ̀, mo tẹ̀ lé wọn lọ gun kẹ̀kẹ́ ńlá tí katakata ń fà lórí iyanrìn. Òkè aláwọ̀ tí Jaciane wí yẹn, bí ògiri ló rí, pupa, ìyeyè, funfun, bí ẹni pé wọ́n ń ṣe àkàrà òyìnbó tí wọn ò parí ẹ̀. Mo fi amọ̀ pupa kun ojú mi àti ọmú mi méjèèjì, àwọn àlejò sì tò láti bá mi ya fọ́tò. Jaciane ló ń bá wọn tẹ fóònù. "Màmá, ẹ rẹ́rìn-ín," ló ń wí, bí ẹni tó ń pe ìyá àgbà ẹlòmíràn.

Nígbà tí a padà dé, ebi ti fẹ́ jẹ èèyàn. Àwọn kan béèrè oúnjẹ. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yàn án á dúró pẹ́, torí kò sóhun tó wà lórí iná. Jaciane sáré wọ ilé ìdáná lọ láti bẹ ìyàwó Seu Laércio pé kó bá òun wá nǹkan ṣe kíá.

"Màmá," ni Dona Mirtes wí, "àfi kí n jẹ àga yìí."

Mo ní, "Ẹ má jẹ àga. Ẹ wo nǹkan."

Mo ṣí táwẹ̀lì. Mo ṣí ìkòkò. Òórùn adìyẹ yẹn jáde bí ẹni tí wọ́n ti ti mọ́lé. Orí tábìlì Seu Laércio ni, abẹ́ ibòji Seu Laércio ni, àwo Seu Laércio ni a sì kó fàrófà sí. Wọ́n pé lé mi lórí. Ọwọ́ ń bọ́ lu ọwọ́. Ọkọ Dona Mirtes ń fi eyín ya itan, ó ní òun ò jẹ irú ẹ̀ rí láti ọjọ́ tóun ti gbéyàwó, ìyàwó rẹ̀ gbá a lórí. Bàbá ìdílé iwájú tó ti ra ẹja tiẹ̀ ní kí wọ́n fi ẹja náà sílẹ̀, òun náà fẹ́ apá kan. Mi ò ní purọ́ fún yín: inú mi dùn débi pé mo ń jó lórí ìjókòó.

Ni Seu Laércio bá jáde láti ilé ìdáná. Àwo pẹrẹsẹ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dín kún inú ẹ̀, ó ṣì ń hó. Ọ̀fẹ́ ló dín in fún wa, ká máa fi panu títí oúnjẹ á fi jinná. Ó rí wa. Ó dúró.

"Ìkòkò ta nìyí?"

Ìkòkò wà lórí ẹsẹ̀ Dona Mirtes, ó ń fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ ìkòkò náà. Ojú ti obìnrin náà.

Mo rí Seu Laércio. Mo gbọ́ ìbéèrè rẹ̀ ketekete. Ẹnu mi ṣófo. Ìgbà yẹn gan-an ni mo bu fàrófà kún ṣíbí ńlá, tí mo tì í sẹ́nu. Bí fàrófà bá kún ẹnu èèyàn, kò gbọ́dọ̀ la ẹnu, àfi tó bá fẹ́ fi ìyẹ̀fun kun ojú ẹni tó wà níwájú ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, mo ń wo òkun bí ẹni tó rí ọkọ̀ ojú omi.

"Mo ní ìkòkò ta ni?"

"Ẹ má bínú, sà," ni Dona Mirtes wí, "wọ́n kàn bu fún mi ni…" Ojú rẹ̀ ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

"Tèmi ni."

Jaciane ló sọ ọ́. Ó ti dé ẹ̀yìn ọkùnrin náà. Ó mọ ìkòkò yẹn, inú rẹ̀ ló ti ń jẹun láti ìgbà tí ò tíì léyín.

"Tìẹ báwo? Ìwọ amọ̀nà? Ìwọ lo gbé adìyẹ wá síbi tí mo ti ń ta oúnjẹ?"

"Ẹ forí jì mí, sà."

"Àwọn ọmọ tó ń bá mi gbé oúnjẹ sọ pé àwọn àlejò ń wí pé sururu mi ti gan nínú yìnyín. Wọ́n ní inú ọkọ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ìwọ náà lo sọ ìyẹn?"

Jaciane ò mọ̀ nípa ti sururu. Mo rí i bí ó ṣe wọ̀ ọ́ lára. Kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Èmi náà ni, sà."

Ọkùnrin náà ò pariwo. Ì bá pariwo, ara ì bá tù mí. "Òwúrọ̀ yìí ni ìyàwó mi lọ rà á létí ọ̀sà," ló wí. Ó gbé àwo ẹja sórí tábìlì, láàárín egungun wa. "Ẹ jẹ ẹ́. Mo ti dín in tán." Ó mú fóònù, ó rìn lọ sábẹ́ igi àgbọn. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹja náà.

Mo ti gbé fàrófà mì nígbà yẹn. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á mọ̀ pé ẹbí ni wá, á sì tún burú sí i fún ọmọ náà. Ẹ̀rí ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Àmọ́ irọ́ ni. Èmi tí wọ́n ti ń pè ní oní-fàrófà láti kékeré, tí mo ń fi ẹ̀rín dá wọn lóhùn, ojú tì mí lójú àwọn àjèjì tó ti ń bá mi rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí mi bí arúgbó olójúkòkòrò kan. Mo gbà kí wọ́n rí ọmọ mi bẹ́ẹ̀.

Lójú ọ̀nà ilé, Jaciane tún mú gbohùngbohùn. Ohùn kan náà ni. Ó ní ẹ wo oòrùn lórí ọ̀sà, ó dà bí epo pupa tó dà sílẹ̀. Èèyàn díẹ̀ ló wò ó, ọ̀pọ̀ ti sùn, adìyẹ ti kún inú wọn. Dona Mirtes ti bá mi fọ ìkòkò. Ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì yíjú sí fèrèsé.

A bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì wọn. Jaciane dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Bàbá ìdílé iwájú dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ẹ bá wa kí màmá ẹ̀yìn yẹn o. Àwọn ló jẹ́ kí ìrìn yìí dùn."

"Wọ́n á gbọ́, sà."

Ó wá ku èmi, òun àti Seu Genival awakọ̀. Seu Genival pa ẹ́ńjìnnì. Ó ń wo ìtọ́kọ̀ ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ọ́fíìsì pè mí, àbúrò. Wọ́n ní ẹlòmíì ló máa bá mi lọ lọ́la. Wọ́n ní kí o dá ṣẹ́ẹ̀tì padà." Ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ dúró síta.

Jaciane wá sẹ́yìn, ó jókòó sórí àga Dona Mirtes. Ó ń yọ páálí orúkọ rẹ̀ kúrò láyà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ há.

"Jaciane, ọmọ mi," mo ní, "bí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo máa wọ bọ́ọ̀sì lọ bá Laércio yẹn fúnra mi. Màá kúnlẹ̀ fún un. Màá sọ fún un pé èmi ni mo gbé ìkòkò, èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ sururu. Màá dé ọ́fíìsì pẹ̀lú. Ìgbà tó béèrè yẹn, o rí i pé fàrófà ni mò ń jẹ, mi ò lè la ẹnu…"

Abẹ́rẹ́ náà já. Ó fi páálí náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì wojú mi, kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

"Màmá, kí ó tó béèrè, ṣé ẹnu yín ti kún?"